Lékeléke àti Pẹ́pẹ́yẹ Odò: Ta Ni Ó Mọ Ọmọ Tọ́?

  

Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà Ṣàkẹ́tẹ́ sí Pòbẹ́ bá ń gbẹ, àlejò funfun kan a máa dé sáàárín wa. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ọmọ bá rí ọ̀wọ́ rẹ̀ tó ń fò lọ lókè ní ìrọ̀lẹ́, wọn a na ọwọ́ sókè, wọn a máa ju ìka, wọn a ní kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Lékeléke ni. Àwọn àgbà náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí wọ́n ti ń fi agbe pọ̀ mọ́ aró, tí wọ́n ń fi àlùkò pọ̀ mọ́ osùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi lékeléke pọ̀ mọ́ ẹfun.

Ẹyẹ kejì kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa lórí ilẹ̀ pupa yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ná ọjà dé Àjàṣẹ́, tàbí tí wọ́n ní ará ní àfonífojì odò Wẹ́mẹ̀, mọ̀ ọ́n. Pẹ́pẹ́yẹ odò ni, èyí tó ní ojú funfun, tó ń súfèé lóru. Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ tí ń rìn káàkiri àgbàlá wa o. Pẹ́pẹ́yẹ ilé wa, èyí tó ní ẹran pupa lójú, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sìn ín nílé. Ti odò ni ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹnikẹ́ni kò sìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àwọn méjèèjì ní ẹyẹ omi, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. A ó fi wọ́n wé ara wọn lónìí nítorí ohun méjì tó kan ilé wa. Èkíní ni ọ̀nà tí olúkúlùkù wọn ń gbà bọ́ ọmọ. Èkejì ni ohun tí àwa ènìyàn ń ṣe sí wọn, tó sì lè ti ara wọn bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

ÌRÍSÍ WỌN

Lékeléke kò tóbi. Láti ẹnu dé ìrù, ó tó nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n, kì í sábà tó ìdajì kílò. Ìyẹ́ ló pọ̀ lára rẹ̀ ju ẹran lọ. Gbogbo ara rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Bí àkókò àtibí ọmọ bá dé, ìyẹ́ orí, ti àyà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ a yí padà sí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ẹni tó fi osùn díẹ̀ pa ara.

Pẹ́pẹ́yẹ odò gùn tó 40 sí 48 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wúwo ju lékeléke lọ. Iwájú orí rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n bí obì, ìhà rẹ̀ méjèèjì sì ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ òkè. Nítorí funfun àti dúdú tó wà lójú rẹ̀ ni Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, fi sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí opó ní ọdún 1766. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ Faransé yóò rí i nínú ìwé bí "dendrocygne veuf". Lékeléke ni ìwé wọn ń pè ní "héron garde-bœufs", ìyẹn ẹyẹ tó ń ṣọ́ màlúù.

Ohun kan pa wọ́n pọ̀: akọ wọn àti abo wọn jọ ara wọn. Àkùkọ ilé wa yàtọ̀ sí àgbébọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí lékeléke méjì tàbí pẹ́pẹ́yẹ odò méjì tó dúró pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tí í ṣe ọkọ, ẹ kò sì ní mọ èyí tí í ṣe aya. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

ẸSẸ̀ ÀTI ẸNU

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wo irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ní awọ tó so àwọn ìka pọ̀, ìyẹn ni àjẹ̀ rẹ̀ lórí omi. Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, etí ẹnu náà sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà. Bí ó bá kó omi àti ẹrẹ̀ sẹ́nu, omi a jáde, èso koríko a kù sínú. Asẹ́ ni ẹnu pẹ́pẹ́yẹ.

Ọ̀kọ̀ ni ẹnu lékeléke. Ó gùn, ó mú, ó sì le. Ọrùn rẹ̀ a ká kò bí ọrùn ejò, lẹ́ẹ̀kan náà a sì nà jáde, kòkòrò ti wọ ẹnu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìka rẹ̀ là gbàrà gbàrà, kò sí awọ láàárín wọn. Ẹsẹ̀ tó ń rìn nínú koríko àti omi tí kò jìn ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń wa odò.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ wọn pẹ̀lú. Pẹ́pẹ́yẹ ní ibi kan ní ìdí ìrù tí òróró ti ń jáde. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń mú òróró náà pa ìyẹ́, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í rin ín. Ti lékeléke yàtọ̀. Ó ní irú ìyẹ́ kan ní àyà àti ní ìdí tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ di ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun yìí ló fi ń nu ẹrẹ̀ àti ọ̀rá kúrò lára. Èékánná ìka àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní eyín bí òòyà, òun ló fi ń ya ìyẹ́. Ẹyẹ tí àwọn ọmọ ń tọrọ èékánná lọ́wọ́ rẹ̀, èékánná tirẹ̀ ni òòyà rẹ̀!

OÚNJẸ WỌN

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé eégbọn ni lékeléke ń ṣà lára màlúù. Òótọ́ ni pé ó lè ṣà á, ṣùgbọ́n èyí kéré nínú oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó ń lé kiri gan-an ni tata, ìrẹ̀, eṣinṣin, àkèré àti aláǹgbá. Bí màlúù bá ń gbẹ́sẹ̀, tata a fò sókè. Bí tata bá fò sókè, lékeléke a gbé e mì. Àwọn tó ṣọ́ wọn tí wọ́n sì kà á rí i pé lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù ń rí oúnjẹ ju èyí tó ń dá rìn lọ, ìṣísẹ̀ tó sì ń rìn kéré. Ìdí kan náà ló fi ń tẹ̀lé katakata tó ń kọ ilẹ̀, tó sì ń dúró lẹ́bàá iná tó ń jó igbó. Ibi tí kòkòrò bá ti ń sá jáde ni ó ń dúró dè wọ́n.

Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni, bí a bá wo tata tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Àwọn tí lékeléke bá fi igi ilé wọn ṣe ibùsùn mọ̀ pé ìgbẹ́ rẹ̀ ń rùn, ó sì lè pa ewé igi.

Ọ̀sán ni lékeléke ń ṣiṣẹ́. Òru ni pẹ́pẹ́yẹ odò sábà máa ń jẹun. Lọ́sàn-án, ẹ ó rí wọn létí omi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí wọ́n nàró bí ẹ̀ṣọ́, tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a gbéra pẹ̀lú súfèé, olóhùn mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, wọn a lọ sí oko àti àbàtà. Èso koríko omi ni oúnjẹ wọn, pẹ̀lú ìgbín kéékèèké àti kòkòrò inú omi. Ìrẹsì náà sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà òun àti àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

ÌRÌN-ÀJÒ WỌN

Ẹyẹ tó ń tẹ̀lé òjò ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò pọ̀. Lékeléke ń bá wa gbé ní ìgbà ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn a gba ìhà àríwá lọ, síbi tí koríko tútù ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa kì í fi í sábà rí ìtẹ́ rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ odò kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀rùn wọn a péjọ síbi tí omi kò ti gbẹ. Bí òjò bá dé, wọn a tú ká sí àbàtà kéékèèké láti lọ bímọ.

Ẹ má fojú kéré lékeléke nítorí pé ó rọra ń rìn lẹ́yìn màlúù o. Ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn tirẹ̀ ti gbéra, tí wọ́n fi ìyẹ́ ara wọn la òkun já. Ní ọdún 1877 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà ti Gúúsù, lágbègbè Guyana àti Suriname. Ní 1941 ó ti dé Florida, ní 1953 wọ́n sì rí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Níbi gbogbo tí ènìyàn bá ti gé igbó láti da màlúù, lékeléke a tẹ̀lé e lọ. Pẹ́pẹ́yẹ odò olójú funfun náà wà ní apá méjèèjì òkun: ó wà lọ́dọ̀ wa, ó sì wà ní Brazil àti Argentina.

ỌKỌ, AYA ÀTI ỌMỌ

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé wọn wàyí.

Ìgbà ìbímọ kan ni lékeléke fi ń bá aya rẹ̀ gbé. Bí ìgbà yẹn bá kọjá, olúkúlùkù a gba ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá fi wà pọ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Akọ ń ṣa igi wá, abo ń fi í mọ ìtẹ́. Orí igi ni wọ́n ń kọ́lé sí, ọ̀pọ̀ ìdílé lórí igi kan, bí agbo ilé. Ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni abo máa ń yé. Tọkọtaya jọ ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 24.

Pẹ́pẹ́yẹ odò ní tirẹ̀, ẹni tí wọ́n sọ ní opó, ọkọ àti aya a máa wà pọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ ó rí i tí ọ̀kan ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ọrùn èkejì ṣe, tí èkejì náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ilẹ̀ ni ìtẹ́ wọn sábà máa ń wà, láàárín koríko gíga nítòsí omi. Ẹyin mẹ́fà sí méjìlá ni abo ń yé. Akọ kì í fi ìyàwó sílẹ̀ lórí ẹyin lọ ṣe fàájì: òun náà ń sàba, àwọn méjèèjì ń gba ipò ara wọn fún ọjọ́ 26 sí 30. Ẹ rántí pé akọ àti abo jọ ara wọn. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò lè wo èyí tó wà lórí ẹyin kí ó ní, "Ìyá rè é." Ó lè jẹ́ bàbá.

Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà pátápátá nìyí. Pẹ́pẹ́yẹ odò kì í bẹ̀rẹ̀ sí sàba títí ẹyin yóò fi pé. Nítorí náà, gbogbo ọmọ a pa pọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ojú wọn là, ara wọn ní ìyẹ́ múlọ́múlọ́, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi bọ́ sínú omi. Ìyá kò fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, bàbá kò fi sí i. Olúkúlùkù ọmọ ló ń wá tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Iṣẹ́ òbí ni láti mú wọn lọ síbi tí oúnjẹ wà, kí wọ́n sì máa ṣọ́ àṣá, ejò àti awọ́nríwọ́n. Yóò tó nǹkan bí oṣù méjì kí àwọn ọmọ tó lè fò, ní gbogbo ìgbà yẹn òbí méjèèjì wà pẹ̀lú wọn.

Lékeléke kò dúró kí ẹyin pé. Bí ẹyin àkọ́kọ́ bá ti balẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sàba lé e. Nítorí náà àkọ́bí a pa, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì èkejì a pa, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Ọmọ náà kò lè rìn, kò lè wá nǹkan kan fúnra rẹ̀. Òbí ń lọ sóko, ó ń gbé oúnjẹ mì, ó ń padà wá pọ̀ ọ́ fún wọn nínú ìtẹ́. Nígbà tí ó bá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ di ẹnu rẹ̀ mú? Àkọ́bí ni, ẹni tó ti ga, tí ọrùn rẹ̀ ti le. Bí tata bá pọ̀ lọ́dún náà, gbogbo wọn a yó. Bí kò bá pọ̀, àbíkẹ́yìn ni ebi yóò pa. Nígbà mìíràn a kú nínú ìtẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yó. Ìyá àti bàbá kò ní dá sí i. Ẹni tó bá ké jù, tó sì na ọrùn jù, ni wọ́n ń fún.

A kò lè dá lékeléke lẹ́jọ́. Ẹyẹ ni. Báyìí ló ṣe ń mọ iye ọmọ tí oúnjẹ ọdún náà lè tọ́. Ṣùgbọ́n bí àwa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa ńkọ́?

ÀWO OÚNJẸ ILÉ WA

Ẹ wo inú ilé wa ní alẹ́. Ìyá ti oko tàbí ọjà dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọkà sí àwo ńlá kan, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó ní kí àwọn ọmọ márùn-ún jọ jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún kan ààbọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ ńlá ń bu òkèlè ńlá. Ọmọ kékeré ṣì ń jẹ òkèlè kìíní lẹ́nu nígbà tí àwo ti dá. Ẹja ti lọ. Ìyá wo àwo, ó rí i pé oúnjẹ tán, ó ní, "Wọ́n ti yó." Ta ni ó yó?

Jíjẹ nínú àwo kan dára, ó ń so ọmọ ìyá pọ̀, kò sí ẹni tó ní kí a pa àṣà náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ọmú kò tíì lè bá ẹ̀gbọ́n du oúnjẹ. Ohun tí àwọn olùtọ́jú ìlera ń kọ́ àwọn ìyá kárí ayé ni pé kí ọmọ kékeré ní àwo tirẹ̀, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í, kí a rí iye tó jẹ. Omi ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà a ó bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní ẹ̀kọ tó ki, ẹ̀wà tí a lọ̀, ẹyin, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀, kò sì ní fi ọmú sílẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kò gba owó ńlá. Àwo kékeré kan ni, àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ń jókòó lórí ẹyin, kò sì sọ pé ìtìjú ni. Bí ìyá bá ń ro ọkà lọ́wọ́, bàbá lè gbé àbíkẹ́yìn lé itan kí ó máa fún un lóúnjẹ. Ọmọ tí bàbá bá fún lóúnjẹ kò ní gbàgbé.

Ẹ wo ohun tí a lè mú lọ́dọ̀ olúkúlùkù wọn. Lọ́dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kí a mú ọmọ mọ iṣẹ́ láti kékeré, kí a sì wà lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi lè fò. Lọ́dọ̀ lékeléke, kí a jáde lọ wá oúnjẹ wá fún ẹni tí kò lè wá a. Èyí tí a kò gbọdọ̀ mú ni kí á máa fún ẹni tó ké jù.

ÌRẸSÌ ÀTI MÁJÈLÉ

Ọ̀rọ̀ kejì rè é. Ẹni tó fọ́n ìrẹsì sínú omi lónìí, tó jí lọ́la tí ó rí i pé pẹ́pẹ́yẹ ti ṣà á, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. A kò ní sọ pé kí ó má bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú ti mú àwọn kan débi tí kò yẹ.

Ní ilẹ̀ Kenya, ní agbègbè oko ìrẹsì Bunyala nítòsí adágún Victoria, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní carbofuran pa ẹyẹ. Wọ́n ń pò ó mọ́ ìrẹsì fún pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n ń fi í sínú ìgbín fún àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Wọ́n tilẹ̀ ń so ẹyẹ alààyè mọ́lẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rò pé àlàáfíà wà níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ olójú funfun wà lára àwọn tó kú. Kì í ṣe pé wọ́n kó òkú ẹyẹ dànù o. Wọ́n ń tà á fún ènìyàn jẹ.

Kí ni carbofuran? Oògùn tó ń mú iṣan ara kòkòrò dá iṣẹ́ rú ni, iṣan ara ènìyàn náà kò sì yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin lé e kúrò lóko wọn. Amẹ́ríkà pàṣẹ ní 2009 pé kí á má rí i nínú oúnjẹ mọ́. Ní 2017, wọ́n fi í sínú ìwé àdéhùn Rotterdam, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn oògùn eléwu tí orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ kó lọ sí òmíràn láìjẹ́ pé ó sọ fún un, tí ó sì gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé sísè tàbí yíyan yóò mú májèlé kúrò lára ẹran. Iná kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tó ń ra ẹran ìgbẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹyẹ odò wá, ẹ wò ó. Níbo ni ọta ìbọn ti bà á? Níbo ni okùn ti mú un? Bí kò bá sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á kò sì lè sọ bí ó ṣe kú, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bí àwọn ọmọ bá rí òkú ẹyẹ lóko, lékeléke ni o, pẹ́pẹ́yẹ ni o, kí wọ́n má fi ọwọ́ kàn án, kí wọ́n má sì gbé e fún ajá.

Májèlé nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2006, wọ́n rí àìsàn àwọn ẹyẹ tí Faransé ń pè ní "grippe aviaire" ní Kaduna ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ fara hàn ní Áfíríkà. Ní oṣù Kejìlá 2007, ó dé orílẹ̀-èdè Benin tiwa. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn náà kiri láìjẹ́ pé ó ṣàìsàn lójú wa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ ilé àti adìẹ máa bá ẹyẹ odò mu omi kan náà. Bí adìẹ ilé bá sì ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ lójijì, ẹ má pa ìyókù tà. Ẹ ké sí dókítà ẹran ọ̀sìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀, tí itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dà lẹ́nu rẹ̀, tí òógùn ń bò ó, tí ó ń bì, tí inú ń run ún, tí ẹyin ojú rẹ̀ dúdú kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí mími sì ṣòro fún un, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì báà jẹ́ lórí zémìjàn, kí ẹnì kan sì jókòó lẹ́yìn dì í mú. Ẹ kó èyí tó kù nínú ẹran náà tàbí agolo oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń bá jà.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE

A kò lè ní kí àgbẹ̀ káwọ́ gbera. Ọ̀nà wà tí kì í ṣe ti májèlé. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn irúgbìn tí a fọ́n sínú omi. Nítorí náà, bí a bá kọ́kọ́ hu ìrẹsì ní ibi kékeré kan tí a lè ṣọ́, kí a tó ṣí i lọ sí oko nígbà tó bá ti ga díẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ kò ní rí irúgbìn ṣà. Bí ó bá jẹ́ dandan kí á fọ́n ọn, kí á fa omi kúrò lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí irúgbìn lè fi gbòǹgbò mú ilẹ̀. Kí àwọn tí oko wọn fara kan ara gbìn ín ní àkókò kan náà, kí ẹrù má bàa wà lórí ẹnì kan. Kí á sì pín ìṣọ́ òru, nítorí òru ni olè yìí ń wá; àtùpà àti ariwo agolo yóò lé e.

Ibùgbé wọn ńkọ́? Ní ọdún 1971, ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Iran, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dáàbò bo àbàtà àti adágún. Benin wọlé sínú rẹ̀ ní ọdún 2000, ó sì kọ orúkọ àfonífojì ìsàlẹ̀ odò Wẹ́mẹ̀, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹyẹ nìkan. Àbàtà náà ló ń gba omi nígbà tí odò bá kún, òun ló ń bí ẹja tó ń dé ọjà Ṣàkẹ́tẹ́ àti Pòbẹ́. Ẹni tó bá da májèlé sí i, ọbẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ló dà á sí.

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ènìyàn ni ó yẹ kí ó máa sọ fún ènìyàn. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń fi oògùn oko pa ẹyẹ, ẹ fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀.

Ẹ ka ìwé yìí sí etí àwọn ìyá àgbà nílé. Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí lékeléke bá tún dé, ẹ ka iye tó ń tẹ̀lé màlúù kan, kí ẹ sì wò bóyá eégbọn ni wọ́n ń ṣà tàbí tata. Ẹ̀yin òbí, lálẹ́ òní, kí ẹ tó gbé àwo kúrò nílẹ̀, ẹ wo ọwọ́ àbíkẹ́yìn yín bóyá oúnjẹ kàn án.